Ojú fóònù tó ń yọni lẹ́nu lórí ìpè: ọgbọ́n wo ló bá tiyín mu?

Àìsàn méjì ni fóònù máa ń ní lórí ìpè, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn sì ń pè é: "ojú fóònù mi ti bàjẹ́." Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ ojú fóònù tí kò kú, ohùn rẹ̀ dákẹ́ lójijì, tàbí ìpè já, tàbí kó máa gbọ́ pé fóònù ti ń pe ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti dágbére fún ara wọn, àmọ́ ojú fóònù dúdú kirikiri, kò rí ibi tí yóò tẹ̀ kí ìpè parí, owó ìpè sì ń lọ. Ti ẹni àkọ́kọ́ kì í kú nígbà tó yẹ kó kú. Ti ẹnì kejì kú, kò jí mọ́. Ohun tó ń wo ọ̀kan sàn lè mú èkejì burú sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé àwọn ọgbọ́n tí à ń dá sí i kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi owó ra oògùn àìsàn ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Pobè. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni mo kọ síbí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi pé kí n pààrọ̀ ojú fóònù ni kò nílò rẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ti lọ san owó yẹn níbòmíràn lásán.

Ohun tó ń pa iná ojú fóònù

Lókè fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ohùn ń gbà wọ etí, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní infrared. Bí ìmọ́lẹ̀ yìí bá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ta padà, sẹ́ńsọ̀ gbà á, fóònù á sì mọ̀ pé wọ́n ti gbé òun sétí. Ó pa iná ojú rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ti ẹni tó bá fọwọ́ kàn án mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, nǹkan bíi sẹ́ntímítà 5 ni ààlà rẹ̀. iPhone àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 2007 ti ní irú sẹ́ńsọ̀ yìí.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tẹ fóònù nítorí pé ojú fóònù ìsinsìnyí kì í wo bí ìka ṣe tẹ̀ ẹ́ lágbára tó. Iná mànàmáná ni awọ ara wa ń gbé, òun ni fóònù ń mọ̀. Etí jẹ́ ìka lójú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ ìka, òógùn pàápàá lè di ìka. Ẹni tó ń pe ìpè lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ní ọjà mọ ohun tí mò ń sọ.

Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń lo infrared o. Xiaomi Mi MIX tó jáde lọ́dún 2016 ń lo ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ dípò ìmọ́lẹ̀. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan kò ní sẹ́ńsọ̀ gidi kankan: bí wọ́n ṣe gbé fóònù sókè àti ohun tó kàn án lójú ni wọ́n fi ń méfò pé ó ti dé etí. Irú wọn máa ń ṣìṣe láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́, kò sì sí àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ọgbọ́n ìsàlẹ̀ yìí nìkan ló kù fún wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe tiyín

Ọ̀nà tó yá jù ni WhatsApp. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ ṣí ọ̀rọ̀ olóhùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá ń jáde ketekete, tí ojú fóònù sì mọ́lẹ̀, kò sí nǹkan. Àmọ́ bí ohùn náà bá rẹlẹ̀, tó ń jáde níbi tí à ń gbé sétí, tí ojú fóònù sì ṣókùnkùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn, sẹ́ńsọ̀ yín rò pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà lórí òun ni. Tiyín ni èyí tí kì í jí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo òkè fóònù nígbà tí ohùn ṣì ń lọ. Bí iná rẹ̀ kò bá kú, tiyín ni èyí tí kì í kú.

Ẹni tó ní Samsung lè tẹ *#0*# bí ẹni fẹ́ pe nọ́ńbà, kó yan Sensor, kó sì máa gbé ọwọ́ sún mọ́ òkè fóònù kó lè rí bóyá ó ń dáhùn. Ti Xiaomi ni *#*#6484#*#*.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti ṣe níwájú oníbàárà, nítorí pé ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo ní kó pe nọ́ńbà kan lórí fóònù rẹ̀, kí n sì fi kámẹ́rà iwájú fóònù tèmi wo òkè tirẹ̀ ní ibi tí iná kò pọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù oní-infrared, àmì kékeré aláwọ̀ àlùkò á máa ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà mi, níbi tí ojú tiwa kò rí ohunkóhun. Bí àmì náà bá ń tàn, sẹ́ńsọ̀ ń gbìyànjú. Nǹkan ló bò ó. Bí kò bá tàn rárá lórí fóònù tó yẹ kó tàn, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti dé inú.

Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀

Ilẹ̀ pupa ni tiwa ní Kétu. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á wọ inú ihò tó kéré jù lọ lára fóònù. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun, ẹ wo gíláàsì ààbò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù yín.

Ìyá kan tó ń ta gàrí wá bá mi pẹ̀lú fóònù tó dì mọ́ra nínú aṣọ.

"Ọmọ mi, fóònù yìí ti kú tán. Bí mo bá ti pe èèyàn báyìí, ilẹ̀ ṣú. Wọ́n ní kí n lọ ra ojú tuntun."

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Mo ṣí gíláàsì náà láti òkè. Eruku pupa ti tò lábẹ́ rẹ̀ bí ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà, ó sì gba orí sẹ́ńsọ̀ kọjá gan-an. Mo fi aṣọ rírọ̀ tó gbẹ nù ún, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ gbọn ihò etí rẹ̀, mo sì pe nọ́ńbà tèmi lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sétí, iná kú. Nígbà tí mo gbé e kúrò, iná tàn.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Màmá. Ẹ má fi gíláàsì yìí sí i padà. Bí ẹ óò bá ra òmíràn, ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa, kó ní àlàfo níbi tí sẹ́ńsọ̀ wà."

Gíláàsì tí etí rẹ̀ dúdú yíká, tí kì í ṣe ti irú fóònù yẹn gan-an, ló ń fa èyí tí kì í jí jù lọ. Àpò fóònù tó ní ìdérí náà máa ń bo sẹ́ńsọ̀ bí ìdérí náà bá yọ́ padà síwájú. Ní ti èyí tí kì í kú, ẹ wo ohun tó wà láàárín fóònù àti etí. Nǹkan dúdú kì í dá infrared padà dáadáa. Irun dídì tó bo etí tàbí ìbòrí dúdú tó nípọn lè jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ tó dá ṣáṣá máa rò pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbé fóònù sábẹ́ ìbòrí, kì í ṣe fóònù yín ló ní àìsàn.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ pa fóònù kí ẹ sì tún un tàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yíyan kàn.

Àwọn ọgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọgbọ́n | Èyí tí kì í kú | Èyí tí kì í jí | Ìnáwó |
|---|---|---|---|
| Fífi bọ́tìnnì iná pa ojú fóònù | Dára gan-an | Kò wúlò | Kò sí |
| Fífi bọ́tìnnì iná pa ìpè | Ó lè dá wàhálà sílẹ̀ | Dára gan-an | Kò sí |
| Okùn etí tó ní bọ́tìnnì | Dára | Ó dára jù lọ | Kékeré |
| Ìkìbọ-etí aláìlókùn | Dára | Dára | Ó wọ́n jù okùn |
| Gbohùngbohùn (haut-parleur) | Ó mọ níwọ̀n | Ó ṣòro láti dé ibẹ̀ | Kò sí |
| Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì | Ó yanjú rẹ̀ | Ó yanjú rẹ̀ | Iye fóònù kejì |

Bọ́tìnnì iná: ọ̀nà méjì tó ń ta ko ara wọn

Níbí ni àwọn èèyàn ti ń ṣi ara wọn lọ́nà jù. Lórí fóònù Android, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì iná lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí ẹ gbé ìpè, ojú fóònù á kú, ìpè á sì máa lọ. Ẹni tí tirẹ̀ kì í kú ti rí oògùn rẹ̀: kó gbé ìpè, kó tẹ bọ́tìnnì, kó gbé e sétí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò lè tẹ ojú tó ti kú. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, á tún bọ́tìnnì tẹ̀ kí iná tàn, á sì pa ìpè. Kò gba ju kí ó mọ́ ọn lára, mi ò sì rí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi ná owó.

Èkejì jẹ́ ètò kan nínú fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ lọ sí Paramètres (Settings), lẹ́yìn náà Accessibilité (Accessibility), ẹ óò rí ìlà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì iná máa pa ìpè. Lórí Samsung, ẹ lè rí i nínú ètò ìpè fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, lójú kan náà tí ẹ ti lè yàn kí bọ́tìnnì ohùn tó wà lókè máa gbé ìpè. Ẹni tí tirẹ̀ kì í jí kò ní máa wá ibi tí yóò tẹ̀ mọ́: bó bá sọ̀rọ̀ tán, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ fóònù, ìpè parí.

Àmọ́ ẹ wò ó: bí ẹni tí tirẹ̀ kì í kú bá ṣí ètò kejì yìí nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé ó dára, tó wá ń tẹ bọ́tìnnì láti fi pa ojú fóònù, ìpè ni yóò máa gé mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ọ̀kan ni kí ẹ mú. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ti iPhone yàtọ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń pa ìpè láti ìbẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀. Láti iOS 16 (ètò tó ń darí iPhone) ti ọdún 2022, ẹ lè dá èyí dúró nínú Accessibilité, lábẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn wà. Nítorí náà, oní-iPhone tí tirẹ̀ kì í kú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a dúró kó tó lo ọgbọ́n àkọ́kọ́.

Okùn etí tàbí aláìlókùn?

Bí ẹ bá bi mí pé kí n mú ọgbọ́n kan ṣoṣo, okùn etí tó ní bọ́tìnnì lára ni mo máa mú. Bí okùn bá ti wọ fóònù, tàbí tí ìkìbọ-etí aláìlókùn bá ti so mọ́ ọn, fóònù mọ̀ pé ohùn kò jáde létí òun mọ́. Kò tún ní béèrè lọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀. Ojú rẹ̀ á padà sí bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ kò bá wà lórí ìpè, ẹ ó sì rí gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ dúdú lórí ìpè, tí ìpè náà sì ń lọ lọ́wọ́, lè ki okùn bọ̀ ọ́ níbẹ̀ kó sì rí iná.

Bọ́tìnnì orí okùn tún ṣe pàtàkì: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ gbé ìpè, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ pa á. Fóònù lè wà nínú àpò, ojú rẹ̀ lè ti fọ́ pátápátá, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Kò ní bátìrì tí yóò tán. Ẹ kàn ṣọ́ra fún èyí tí kò ní bọ́tìnnì àti gbohùn ẹnu, torí ó pọ̀ lórí àtẹ, orin nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Kí ẹ sì wo ihò fóònù yín: ọ̀pọ̀ ṣì ní ihò yípo mìlímítà 3,5, àmọ́ àwọn mìíràn kò ní ju ihò USB-C tí wọ́n fi ń gba iná lọ, okùn wọn sì yàtọ̀.

Aláìlókùn rọrùn fún ẹni tó ń rìn káàkiri. Bluetooth ń dé nǹkan bíi mítà 10, nítorí náà oníṣòwò lè fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì kó máa wọn ọjà. Ohun tí mo kà sí i lọ́rùn ni pé ó gbọ́dọ̀ gba iná, ó ń sọnù, èyí tí owó rẹ̀ kéré sì máa ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹ bá wà lórí ọ̀kadà. Ẹni tó ń wa ọ̀kadà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dí etí méjèèjì, ì báà jẹ́ okùn, ì báà jẹ́ aláìlókùn.

Gbohùngbohùn

Ó ń ṣiṣẹ́ nílé, lórí tábìlì. Lọ́jà, gbogbo ayé á gbọ́ iye tí ẹ fẹ́ rán sílé. Fún ẹni tí tirẹ̀ kì í jí, ìṣòro tún wà nínú rẹ̀: ojú fóònù ni bọ́tìnnì gbohùngbohùn wà, ojú náà sì ti dúdú kó tó dé ibẹ̀.

Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Kétu, láti apá Àkábá Ìdènà títí dé ẹ̀yìn ìlú, ló ní fóònù méjì: kékeré fún ìpè, ńlá fún WhatsApp. Mo rò pé òye gidi ni. Kò sí sẹ́ńsọ̀, kò sí ojú tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè tẹ̀, bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ pọ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní "tẹ 1, tẹ 2," bọ́tìnnì wà lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹni tí ojú fóònù ńlá rẹ̀ dúdú kò lè dá irú ohùn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lóhùn rárá.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó gbé fóònù kékeré tó ti pẹ́ nínú àpótí jáde. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Benin ti kúrò ní oní-ẹyọ 8, ó ti di oní-ẹyọ 10, pẹ̀lú 01 níwájú. Nọ́ńbà tí ẹ tọ́jú síbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Ẹ mú ọmọ yín kan jókòó tì yín, kó fi 01 kún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ta ni kó mú èwo?

Bí tiyín kì í bá kú, tí ẹ sì lè rántí bọ́tìnnì, ẹ lo bọ́tìnnì, kí ẹ tọ́jú owó yín. Bí kì í bá jí, ẹ ṣí ètò tó ń fi bọ́tìnnì pa ìpè lónìí, kí ẹ sì ra okùn etí ní ọjà tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá yín ló ni fóònù, tí wọn kì í fẹ́ kí nǹkan wà létí wọn, ẹ ra fóònù kékeré fún wọn. Ẹ má dà wọ́n láàmú pẹ̀lú ètò inú Paramètres.

Àwọn kan ń gba ètò aláìmọ̀ (app) sórí fóònù kó lè máa ti ojú fóònù lórí ìpè. Mi ò fọwọ́ sí i bí ó bá ń béèrè àṣẹ láti rí àwọn ẹni tí ẹ tọ́jú nọ́ńbà wọn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí yín. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àwọn Xiaomi kan ní ìlà kan nínú ètò ìpè, ibẹ̀ lẹ ti lè pa sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ń ṣe wèrè.

Bí ó bá di dandan kí wọ́n tú u

Ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ojú fóònù ni àìsàn yìí ń bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà kékeré kan máa ń yí sẹ́ńsọ̀ ká nínú fóònù, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa kọ lu ẹ̀yìn gíláàsì kó sì padà síbẹ̀. Bí alátùn-ún-ṣe bá gbàgbé rẹ̀, tàbí tí gọ́ọ̀mù bá ṣàn dé ibẹ̀, fóònù á máa rò títí ayé pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà lórí òun. Dídá rọ́bà náà padà kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ti iPhone X títí dé iPhone 12 ló gba ìṣọ́ra: ẹ̀yà ohùn etí, sẹ́ńsọ̀ àti ohun tó ń dá ojú olóhun mọ̀ jọ so pọ̀ ni. Bí wọ́n bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, fóònù kò ní dá ojú yín mọ̀ mọ́. Ti àtilẹ̀bá ni kí wọ́n gbé kọjá sára ojú tuntun.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé fóònù fún wọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí níbí, ẹ pe nọ́ńbà kan níwájú ẹni tó tún un ṣe kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé e sétí, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú gíláàsì ààbò lórí rẹ̀ bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́. Bí iná kò bá kú, tàbí tó kú tí kò jí, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀, kó tún un tú.